Wàrà Mímu àti Jẹjẹrẹ Awọ-Inú Ilé-Ọmọ: Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Nígbà kan, a wà lára àwọn tí wọ́n pè láti yẹ àwọn ìbéèrè ìdánwò Yorùbá kan wò kí wọ́n tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Àyọkà kan wà nínú wọn tí ó dá lórí ìlera. Èdè rẹ̀ já gaara, àmì ohùn rẹ̀ pé, kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí a lè torí gírámà bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí gbólóhùn kẹta, a dúró:

"Àwọn oníṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wàrà mímu ni ó ń fa jẹjẹrẹ ilé-ọmọ."

Ìbéèrè kejì lábẹ́ àyọkà náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Ìdáhùn tí ó wà nínú ìlànà ìmáàkì ni "wàrà mímu", máàkì 2.

A bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ pé níbo ni ó ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní nínú ìwé ìròyìn ni. Kò purọ́. Ìwádìí kan wà lóòótọ́ tí ó so wàrà pọ̀ mọ́ irú jẹjẹrẹ kan tí ó ń mú ilé-ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà sọ àti ohun tí gbólóhùn yìí sọ jìnnà sí ara wọn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ó fa ìjìnnà náà: "wàrà", "ilé-ọmọ" àti "fa". Ọ̀rọ̀ èdè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣègùn nìkan. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí á gbé e wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa. Ọmọ tí ó bá gba máàkì 2 yẹn yóò gbé ìdáhùn rẹ̀ délé. Yóò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, yóò sọ ọ́ fún ìyá àgbà, wọn yóò sì gbà á gbọ́ nítorí pé ilé-ìwé ni ó ti kọ́ ọ.

Ilé-ọmọ wo?

Kí á kọ́kọ́ yẹ orúkọ àrùn náà wò. Nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, àti lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá, àrùn méjì tí kò jọra ni a sábà máa ń pè ní "jẹjẹrẹ ilé-ọmọ".

Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé rí i lójú inú, a lè sọ fún un pé ilé-ọmọ dà bí kèrègbè kékeré tí a da orí rẹ̀ kodò. Ó ní ikùn níbi tí ọmọ ń gbé dàgbà, ó sì ní ọrùn tí ọmọ ń gbà jáde. Jẹjẹrẹ tí ó ń mú ọrùn yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ó ń mú ẹ̀yà ara ìbímọ obìnrin ní Nàìjíríà. Jẹjẹrẹ ọmú nìkan ni ó tún borí rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Fáírọ́ọ̀sì kan tí a ń pè ní HPV, tí ó máa ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń fà á. Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fáírọ́ọ̀sì náà. Nípa àrùn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ pé HPV ni ó ń fà á, a kò ní já máàkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá a mu.

Àrùn kejì, èyí tí ìwádìí wàrà dá lé lórí, kò kan ọrùn rárá. Inú ikùn kèrègbè náà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú rẹ̀ yíká. Awọ yìí kan náà ni ó máa ń nípọn lóṣooṣù láti fi gba oyún. Bí oyún kò bá dé, yóò ya, yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ jáde, òun ni a ń pè ní nǹkan oṣù. HPV kọ́ ni ó ń fa jẹjẹrẹ awọ yìí. Àjẹsára tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò ṣe nǹkan kan sí i. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sí ọrùn ilé-ọmọ náà, kì í ṣe òun ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn obìnrin tí ó ti ré kọjá ìgbà nǹkan oṣù ni ó sábà máa ń mú, ó sì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ní gbogbo àgbáyé, iye obìnrin tí a ṣírò pé ó ní in ní 2022 lé ní 420,000. Àwọn tí ó bá a lọ lọ́dún náà sún mọ́ 98,000.

Ẹ wo ewu tí ó wà nínú kí àrùn méjì máa jẹ́ orúkọ kan. Obìnrin kan lọ fún àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó délé, ó ní, "Wọ́n ti yẹ̀ mí wò fún jẹjẹrẹ ilé-ọmọ, ara mi dá." Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ dé bá a ní ìgbà tí kò yẹ kí ó rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí ni yóò mú un sáré? Ó ṣáà ti mọ̀ pé ara òun dá.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí á máa kọ "jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ" fún èkíní, kí á sì máa kọ "jẹjẹrẹ awọ-inú ilé-ọmọ" fún èkejì. Àwọn kan a máa sọ "ẹnu ilé-ọmọ" dípò ọrùn. A kò bá wọn jà. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí á kọ "jẹjẹrẹ ilé-ọmọ" lásán kí á sì fi òǹkàwé sílẹ̀ láti máa ro ó. A tilẹ̀ ti ronú lórí "ìtẹ́ ọmọ" fún awọ náà, nítorí pé ó dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀: ìtẹ́ kì í wó lóṣooṣù.

Ohun tí ó ń mú awọ náà hù

Hòmóònù méjì ni ó ń darí awọ-inú ilé-ọmọ. Ọ̀kan ni estrogen, èkejì ni progesterone. Estrogen dà bí òjò tí ó ń mú koríko hù. Progesterone dà bí àgbẹ̀ tí ó ń mójú tó o kí ó má baà di igbó. Bí estrogen bá pọ̀ tí progesterone kò sí níbẹ̀ láti ká a lọ́wọ́ kò, awọ náà yóò máa nípọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yóò sì máa bí sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń bí sí i tó ni àǹfààní tí àṣìṣe fi lè wọ inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ̀rí èyí kò ṣòro láti rí. Ní ìparí ọdún 1975, ìwádìí méjì jáde pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine. Wọ́n fi hàn pé àwọn obìnrin tí dókítà ń fún ní estrogen nìkan láti fi tu ara wọn lára nígbà tí nǹkan oṣù ń tán ní jẹjẹrẹ yìí ju àwọn tí kò lò ó lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà àwọn oníṣègùn láti máa fi progesterone tì í lẹ́yìn fún obìnrin tí ilé-ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ibòmíràn tí estrogen ti ń wá ni ọ̀rá ara. Lẹ́yìn tí àpò ẹyin obìnrin bá ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ọ̀rá ni ó kù tí ó ń ṣe púpọ̀ nínú estrogen ara rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni estrogen yóò ṣe pọ̀ tó, kò sì ní sí progesterone tí yóò dojú kọ ọ́. Ní 2016, ìgbìmọ̀ kan tí àjọ IARC pè jọ, èyí tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé ewu jẹjẹrẹ yìí fún àwọn obìnrin tí wọ́n sanra jù lọ tó ìlọ́po 7 ti àwọn tí ìwúwo wọn mọ níwọ̀n. Kí ẹ jọ̀wọ́ rántí 7 yìí, a ó tún padà sí i.

Àìsàn àtọ̀gbẹ náà ń bá a rìn. Àwọn ìdílé kan sì wà tí wọ́n jogún àléébù kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mú kí jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ní ìdàkejì, ọmọ bíbí a máa dín ewu náà kù, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tí ó ní hòmóònù méjèèjì nínú.

Wàrà wo?

Báwo wá ni wàrà ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Màlúù pẹ̀lú jẹ́ abo, ó ń lóyún, hòmóònù ara rẹ̀ sì ń bá wàrà rẹ̀ jáde. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìfúnwàrà ńláńlá òde òní, kì í pẹ́ lẹ́yìn tí màlúù bá bí tí wọ́n fi ń mú kí ó tún lóyún, wọn a sì máa fún wàrà rẹ̀ lọ títí yóò fi ku bíi oṣù 2 kí ó tún bí. Wàrà abo màlúù tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ní estrogen nínú ju ti èyí tí kò lóyún lọ. Ní 2005, Davaasambuu Ganmaa, oníṣègùn obìnrin ará Mongolia, àti Akio Sato ti ilẹ̀ Japan, tẹ ìwé kan jáde níbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá estrogen inú irú wàrà bẹ́ẹ̀ lè ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmú, ti àpò ẹyin àti ti ilé-ọmọ. Ìbéèrè ni wọ́n bèèrè o. Àbá ni wọ́n dá. Àwọn onímọ̀ mìíràn dá wọn lóhùn pé ohun tí ó wà nínú ife wàrà kan kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ "wàrà" ti fẹ́ da wa láàmú. Bí a bá fi owó rán ọmọ lọ ra wàrà ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀yọ́, ohun tí yóò rà bọ̀ ni wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi bomubomu sè, tí à ń dín jẹ. Ọmọ Èkó tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lè máa ro mílíìkì inú agolo. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lo "wàrà" fún èyí tí a ń mu, wọ́n sì lo "wàràkàṣì" fún èyí tí ó dì. Nínú ìwádìí tí à ń sọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà pọ̀: mílíìkì, wàràkàṣì, yúgọ́ọ̀tì, títí kan áísíkiriìmù. "Oúnjẹ oníwàrà" ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. "Wàrà mímu" kò kún tó.

Ó sì yẹ kí á béèrè pé wàrà ta ni. Ní 1971, Norman Kretchmer ti Amẹ́ríkà, Olikoye Ransome-Kuti tí ó padà di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà nínú. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá àti Ìgbò kò lè dà á dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìgbà ọmọdé, ṣùgbọ́n pé àwọn Fúlàní darandaran ń dà á. Ìyẹn ni pé inú tí ó ń kùn lẹ́yìn tí àgbàlagbà bá mu ife wàrà kan ní ìdí. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi ṣòro láti rí ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì tí ó ń mu ife 3 lójúmọ́. Ṣíbí mílíìkì 2 nínú ògì kò dé ibẹ̀. Ti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London tàbí Houston lè yàtọ̀, nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Ohun tí ìwádìí náà sọ gan-an

Ní 1976, àwọn onímọ̀ ní Boston bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan láàárín àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ní Amẹ́ríkà, tí iye wọn jẹ́ 121,700. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún méjì-méjì, àwọn nọ́ọ̀sì náà sì ń dáhùn. Láti 1980 ni wọ́n ti ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ní 2012, Ganmaa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí láàárín 1980 sí 2006 jáde. Wọ́n tọpasẹ̀ obìnrin 68,019. Àwọn 669 ni ó ní jẹjẹrẹ awọ-inú ilé-ọmọ láàárín ọdún 26 náà.

Láàárín àwọn tí ó ti ré kọjá ìgbà nǹkan oṣù, wọ́n fi àwọn tí ń jẹ oúnjẹ oníwàrà ní ìwọ̀n 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ wé àwọn tí kì í jẹ tó ìwọ̀n 1. Wọ́n ṣe ìṣirò láti yọ ipa ìwúwo ara àti àwọn nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀ kúrò. Ewu àwọn èkíní fi ìdá 41 nínú 100 ju ti àwọn èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba jù lára àwọn tí kì í lo oògùn hòmóònù.

Ìdá 41 nínú 100! Ó rọrùn kí ìwé ìròyìn fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. A sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan pé nínú obìnrin 100 tí ó bá ń mu wàrà, 41 ni yóò ní jẹjẹrẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, bíi ẹnìkan nínú 100 ni ó ní àrùn náà ní ọdún 26. Kí á wá ní obìnrin 1,000 wà tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oúnjẹ oníwàrà, tí 10 nínú wọn sì ní àrùn yìí. Bí a bá fi ìdá 41 nínú 100 ti 10 yẹn lé e, yóò di bíi 14. Ó di 14 nínú 1,000, kò di 410. Obìnrin mẹ́rin tí ó lé náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú tín-ín-rín. Ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé "ìdá 41 nínú 100 ti kí ni?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí olùkọ́ Yorùbá kò bá kọ́ ọ níbi tí ó ti ń ka àyọkà, a kò rò pé olùkọ́ ìṣirò nìkan lè kọ́ ọ tán.

Èyí tí ó tún yẹ kí á kíyèsí ni pé 41 yìí kì í ṣe òpó tí a rì mọ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn sọ pé bí a bá gba ti àṣìṣe tí kò ṣeé yẹ̀ nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, iye náà lè wà níbikíbi láàárín 1 sí 98. Bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ọjà kan wà láàárín máìlì 1 sí máìlì 98, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ẹlòmíràn ti dáhùn. Ní 2013, àjọ World Cancer Research Fund yẹ gbogbo ẹ̀rí tí ó wà nígbà náà wò. Ó kà á sí ohun tí ó dájú pé sísanra àsanjù ń mú jẹjẹrẹ yìí wá. Ní ti oúnjẹ oníwàrà, ó ní ẹ̀rí kò tó láti dá ẹjọ́. Ní 2018, ìwé mìíràn jáde tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀: kò rí ìsopọ̀ kan tí ó dúró láàárín jẹjẹrẹ yìí àti mílíìkì tàbí wàràkàṣì. Bọ́tà nìkan ni ó fì díẹ̀, ìwádìí kan ṣoṣo ni ìyẹn náà sì ti wá. Àjọ tí a dárúkọ yìí kan náà gbà pé ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí oúnjẹ oníwàrà máa dín ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá kù. Ẹni tí ó bá sọ fún arúgbó kí ó pa wàrà tì pátápátá kò mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "fa"

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí àgbàdo tuntun bá jáde, ibà a máa pọ̀ ní ìlú. Àwọn àgbà a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé àgbàdo jíjẹ ni ó ń dá ibà sílẹ̀. A mọ̀ nísinsìnyí pé òjò ni ó mú àgbàdo wá, òjò náà ni ó mú omi dúró sílẹ̀ tí ẹ̀fọn fi yé ẹyin sí. Àgbàdo àti ibà ń bá ara wọn rìn. Àgbàdo kò fa ibà. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí a fi àpẹẹrẹ yìí yé tí yóò ṣì í gbọ́ mọ́.

Ó lè jẹ́ pé bí ti àgbàdo àti ibà ni ti oúnjẹ oníwàrà àti jẹjẹrẹ awọ-inú ilé-ọmọ rí. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń jẹ oúnjẹ oníwàrà púpọ̀ lè yàtọ̀ sí àwọn tí kì í jẹ ẹ́ nípa àwọn nǹkan mìíràn tí ìwé ìbéèrè kò mú. Títí tí ẹ̀rí yóò fi pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ ni "bá rìn" tàbí "so pọ̀ mọ́", tàbí kí á sọ pé a "rí i láàárín" irú ènìyàn báyìí ju irú ènìyàn báyìí lọ. "Fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé" náà gbọ́dọ̀ lọ. Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún àìdánilójú: a ní "ó jọ pé", a ní "ó ṣeé ṣe kí", a ní "bóyá". Àwa akọ̀wé ni ojú ń tì láti lò wọ́n, bí ẹni pé wọn kò jẹ́ kí gbólóhùn wa ní agbára.

Ní ti 7 tí a ní kí ẹ rántí: fi ìlọ́po 7 ti sísanra jù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì fi ìlọ́po 1.4 ti oúnjẹ oníwàrà, tí kò tilẹ̀ dájú, sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àyọkà tí ó pariwo èkejì tí kò mẹ́nu ba èkíní ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan oṣù

Ohun tí ó dùn wá jù nínú àyọkà náà ni pé kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ó sọ ohun tí obìnrin lè ṣe láti fi gba ara rẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ awọ-inú ilé-ọmọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ díẹ̀ tí ó máa ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Nígbà tí kò tíì jáde kúrò nínú ilé-ọmọ, iṣẹ́ abẹ sábà máa ń wò ó sàn.

Ẹ̀jẹ̀ ni ìkànlẹ̀kùn náà. Ìwé kan tí ó jáde ní 2018, tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, sọ pé nínú àwọn obìnrin tí ó ti ré kọjá ìgbà nǹkan oṣù tí wọ́n ní àrùn yìí, bíi 9 nínú 10 ni ẹ̀jẹ̀ ti dà lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, bíi 9 nínú 100 ni ó ní àrùn náà. Ẹ jẹ́ kí á kọ méjèèjì sílẹ̀ kí á fi ojú olùdánwò wò wọ́n:

"Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní àrùn yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn."

"Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni ó ní àrùn yìí."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì, àfi ipò wọn. Èkíní jẹ́ òtítọ́, ó sì ń rán obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn. Èkejì jẹ́ irọ́, ó sì lè dẹ́rù ba obìnrin débi pé yóò jókòó sílé. A kò tíì rí ìbéèrè lórí ìtumọ̀ gbólóhùn tí ó dára tó èyí.

Orúkọ ẹ̀jẹ̀ náà tún jẹ́ ọ̀ràn. Ìyá tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún yóò rí ẹ̀jẹ̀, yóò sì fi ẹ̀rín sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nǹkan oṣù òun tún padà dé, pé bóyá òun tún fẹ́ di ọmọge. Nǹkan oṣù kọ́. Bí ó bá ti tó odindi ọdún kan tí obìnrin ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn nítorí ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ yòówù tí ó bá tún rí kò ní orúkọ méjì: ẹ̀jẹ̀ ni, dókítà ni ó sì yẹ kí ó gbọ́ nípa rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ má ṣe lo "nǹkan oṣù" fún un nínú ìwé wa.

Àyọkà náà lẹ́yìn àtúnṣe

Àwa àti ẹni tí ó kọ àyọkà náà jókòó pọ̀, a sì tún un kọ báyìí:

"Jẹjẹrẹ awọ-inú ilé-ọmọ sábà máa ń mú obìnrin tí ó ti ré kọjá ìgbà nǹkan oṣù. Sísanra àsanjù wà lára àwọn ohun tí ó ń dá kún ewu rẹ̀ jù lọ. Nínú ìwádìí kan láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, a rí àrùn náà díẹ̀ sí i láàárín irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ oníwàrà púpọ̀ lójúmọ́ ju àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé wàrà ni ó fà á. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá dé bá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kí ó lọ rí dókítà."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn-ún kà tó o. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ náà tilẹ̀ ní "a kò lè sọ" yóò da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú. A ní kí ó dà wọ́n rú díẹ̀. A fi ìbéèrè kan síbẹ̀ pé: Ǹjẹ́ òǹkọ̀wé gbà pé wàrà ni ó ń fa àrùn yìí? Fi ọ̀rọ̀ inú àyọkà gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀. Ìyẹn gba máàkì 3, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán kò ní gbà ju 1 lọ.

Máàkì 2 ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ó wà fún "wàrà mímu", a gbé e sórí ìbéèrè mìíràn: Ta ni àyọkà yìí sọ pé kí ó lọ rí dókítà?